Enos Marfleet, Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ẹ̀yìn Bàálù

Ohun àkọ́kọ́ tí Enos Marfleet rántí láyé ni ìró pákó: pàkà, pàkà, pàkà. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀ létí oko, wọ́n fi aṣọ onírun bò ó dé ọrùn, ìyá ìyá rẹ̀ sì ń lọ ń bọ̀ láàárín oko, ó ń mi pákó mẹ́ta tí wọ́n so mọ́ igi kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin ọkà báálì ni, àwọn kannakánná sì ti rí i. Bí ìró náà bá súnmọ́, ọmọ náà á mọ̀ pé ìyá àgbà ń bọ̀. Bó bá jìnnà, á bú sẹ́kún. Obìnrin náà kò pa ẹyẹ kankan rí títí ó fi kú. Kí wọ́n ṣáà fò lọ sóko ẹlòmíràn ni tirẹ̀.

Orí òkè Lincolnshire ni abúlé wọn wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ láti inú òkun tí kò sí igi tó lè dá a dúró. Olùṣọ́ àgùntàn ni bàbá rẹ̀. Òun náà ṣe olùṣọ́ àgùntàn. Ojú rẹ̀ mú débi pé ó lè dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn kó sọ èyí tó ń tiro nínú agbo tó wà ní òdìkejì àfonífojì. Nígbà tí ogun dé, ìjọba ní kí wọ́n fi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko sílẹ̀ sídìí iṣẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè bó bá jókòó. Kò jókòó.

"Kí ló dé tó o fẹ́ lọ?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Mi ò mọ̀, Màámi."

"O ò mọ̀? Àgùntàn gan-an máa ń mọ ìdí tó fi ń já okùn."

Nígbà tí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfuurufú, dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò lọ pe dókítà mìíràn wá wòran. Bí wọ́n ṣe gbé e lọ sí ìdí bàálù nìyẹn.

Èèyàn méje ló ń wà nínú Lancaster, bàálù ńlá tí wọ́n fi ń lọ ju bọ́ǹbù sí Jámánì lóru. Àwọn mẹ́fà wà níwájú àti láàárín, wọ́n ń gbóòórùn ara wọn. Ẹnì keje nìkan ló máa ń rá kòrò gba inú ihò gígùn kan lọ sẹ́yìn, tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀, tó sì ń jókòó sínú ilé ìbọn kékeré tó so rọ̀ ní ìparí bàálù bí èso tó ti pọ́n jù. Párásúùtù rẹ̀ pàápàá kò gba inú ibẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ń gbé e kọ́. Ibi tí àwọn yòókù ń lọ ni wọ́n kọjú sí, ibi tí wọ́n ti kúrò ni òun ń wò. Òsì tirẹ̀ ni ọ̀tún gbogbo wọn, ó sì ti fi èyí kọ́ra títí kò fi nílò kó ronú sí i mọ́.

Ìbọn mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀. Wọ́n dára wò, ṣùgbọ́n ọta wọn kéré. Bàálù ọdẹ àwọn Jámánì ń yin ọta tó nípọn ju àtàǹpàkò lọ, láti ọ̀nà jíjìn tí ìbọn Enos kò ti lè ṣe é ní nǹkan kan. Bí ẹni tó ń da yanrìn lu ẹni tó mú àdá dání ni. Nítorí náà wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n má tètè yìnbọn, torí iná ẹnu ìbọn á fi wọ́n hàn. Ojú ni iṣẹ́ náà, ẹnu ló tẹ̀ lé e. Bó bá rí òjìji tó ń yọ́ bọ̀, á ké sí ẹni tó ń wa bàálù, yóò sọ apá ibi tó máa yà sí, bàálù á sì já wálẹ̀ bí òkúta, á yí, á tún pọ́n òkè, títí ọdẹ náà á fi sọ wọ́n nù.

Rupert Tranter ló ń wa bàálù wọn, ọmọ ẹni tó ń ta bàtà ní Northampton. Kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ni gbogbo wọn ń pè é. Enos ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, nítorí náà Bàbá ni wọ́n ń pe òun. Ivor Prosser, ọmọ Wales tó ń di ìbọn àárín bàálù mú, ni kì í jẹ́ kí ẹnu sinmi.

"Bàbá, ṣé ẹ ò tíì sùn lẹ́yìn yẹn?" Tranter á bèèrè nínú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀.

"Ta ló ń sùn sórí yìnyín, Ọ̀gá?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," Prosser á ní. "Àgùntàn rẹ̀ kan ló sọnù, ó ń wá a."

Ike tó mọ́ gaara ni wọ́n fi bo ilé ìbọn náà, kì í ṣe gíláàsì gidi. Lójú ọ̀sán kò sí àbùkù lára rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, eruku tí kò tó orí abẹ́rẹ́ lè di bàálù ọdẹ, ìlà tí àkísà fà sí i sì lè fi bàálù ọdẹ pamọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ ní pápá bàálù wọn ní Haddlethorpe máa ń ní kí wọ́n gé ike iwájú wọn kúrò, kí ojú wọn lè kan òru gbangba. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnu ń ròyìn. Omi ojú á di yìnyín. Èémí á di yìnyín nínú rọ́bà ìbòmú tí wọ́n fi ń mí lókè, èèyàn á sì máa fi ọwọ́ fún un fọ́ kó tó lè mí. Nígbà tí Enos ní kí wọ́n gé tirẹ̀, Tranter kò fẹ́.

"Ẹ máa gan síbẹ̀, Bàbá."

"Ọ̀gá, mi ò tíì rí àgùntàn tó ń ṣàìsàn láti ojú fèrèsé rí. Ìta ni mo máa ń dúró sí kí n tó mọ̀."

Wọ́n gé e. Ó sì ṣiṣẹ́, tàbí ó jọ pé ó ṣiṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n ti ń darí bọ̀ lórí ilẹ̀ Holland, ó rí ohun kan tó dúdú ju òkùnkùn lọ. Ó ké, Tranter yí bàálù sápá kan, iná kọjá níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bá a jiyàn lórí fèrèsé mọ́. Wọ́n á máa ra ọtí fún un, òun á máa gbé e fún Prosser.

Ṣùgbọ́n ojú tó ń ríran kì í yan ohun tó máa rí. Lóṣù Kọkànlá, ó rí Lancaster mìíràn lẹ́yìn wọn, ó rẹlẹ̀ sí wọn díẹ̀, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òjìji kan gba abẹ́ rẹ̀ yọ. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò lè rí i, torí kò sójú lábẹ́ bàálù. Enos kò lè pè wọ́n. Ohùn rẹ̀ kò lè kọjá inú bàálù tiwọn. Bó bá yìnbọn, ọta rẹ̀ kò ní débẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọdẹ tó wà lójú ọ̀run á mọ ibi tí Tranter wà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ìbọn. Kò yìn ín. Iná sọ ní apá bàálù náà.

"Kí nìyẹn, Bàbá?"

"Ọ̀kan nínú tiwa ni."

"Ṣé wọ́n ti ń bẹ́ jáde?"

"Mo ń wò."

Ó wò ó títí ìkùukùu fi gbé e mì.

"Bàbá?"

"Mi ò rí ẹnì kankan, Ọ̀gá."

"Ó dáa. Ẹ máa ṣọ́ tiwa."

Lẹ́yìn Kérésìmesì, ọkùnrin kan tó wọ awò ojú wá láti oríléeṣẹ́ àwọn ọmọ ogun òfuurufú. Aṣọ ara rẹ̀ ti já ní ìgúnpá, ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó jókòó sílé oúnjẹ, ó ń bá àwọn tó ń di ìbọn mú sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi Enos bóyá ó ti já bàálù ọdẹ kankan lulẹ̀ rí.

"Rárá."

"Ṣé ẹ ti yìnbọn sí wọn?"

"Lẹ́ẹ̀kan. Ó yà kúrò."

"Ojú Bàbá ló rí," Prosser dá sí i. "Ẹ̀yin náà ẹ wo ojú yẹn. Ṣé ẹ̀yin ò ní sá?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn ti ń ṣírò láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo èèyàn rò pé bí ikọ̀ kan bá ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n á ṣe mọ bí wọ́n á ti dé láyọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tó dé lánàá ṣe ń kú ni àwọn ọ̀jáfáfá ń kú. Bí wọ́n bá yọ ilé ìbọn kúrò, pẹ̀lú ìbọn, ọta, àti èèyàn tó jókòó síbẹ̀, bàálù á fúyẹ́, á yára, bí wọ́n bá sì já a lulẹ̀, ẹni tó máa bá a kú á dín.

"Ta ló máa wá ṣọ́ ẹ̀yìn?" Prosser bèèrè.

"Ìbéèrè mi gan-an nìyẹn. Ṣé ṣíṣọ́ náà ń gba ẹnikẹ́ni là?"

Enos gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rò?"

"Mi ò tíì mọ̀," ọkùnrin náà sọ. Kì í ṣe ẹni tó ń ṣe fọ́ńté. Ó dà bí ẹni tí kò sùn dáadáa.

Inú bí Prosser. Ní tirẹ̀, ó yẹ kí wọ́n gbé ọkùnrin náà sí ìdí bàálù lọ sí Berlin kó lọ ṣírò níbẹ̀. Enos kò bínú. Ó kàn ń rò ó ṣáá ni, bí ẹni tí ẹran há sí léyín.

Ní oṣù Kìíní, wáyà tó ń mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ gbóná já lórí òkun. Yìnyín ti dí rọ́bà ìbòmú rẹ̀, ó ní láti bọ́ ìbọ̀wọ́ ìta kó tó lè rí i fún. Ó gbàgbé, ó fọwọ́ kan irin. Nígbà tí wọ́n máa fi balẹ̀, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti funfun bí àbẹ́là. Dókítà pápá náà dì í ní báńdéèjì títí ó fi tóbi bí orí ọmọdé, ó ní kò gbọdọ̀ fò títí òun á fi sọ pé ó yá.

"Wọ́n ń lọ lálẹ́ òní, sà," Enos sọ fún un nígbà tó padà wá bẹ̀ ẹ́. "Ojú ni mò ń fi ṣiṣẹ́. Wọn ò dì mí lójú."

"Bí bàálù bá gbiná, ta ló máa bá ọ ṣí ilẹ̀kùn kó tó mú párásúùtù fún ọ?"

"Kò ní gbiná bí mo bá wà níbẹ̀."

Dókítà náà wò ó. "Ṣé ìwọ fúnra rẹ gba ohun tó o sọ yẹn gbọ́?"

Dókítà ní kó lọ jẹun.

Dípò Enos, Basil Toller ni wọ́n fún Tranter, alápatà kan láti Leeds tó ti wà nílé ìwòsàn nígbà tí àwọn ikọ̀ tirẹ̀ parí iye ìrìnàjò tí wọ́n yàn fún wọn. Ibikíbi tí àyè bá ṣí sílẹ̀ ló ń bá wọn fò, kó lè parí tirẹ̀ kó sì máa lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí Enos dé ìdí bàálù lọ́sàn-án, àwọn oníṣẹ́ tó ń tún bàálù ṣe ti ń fi ike tuntun dí fèrèsé tó gé.

"Ta ló ní kí wọ́n dí i?"

"Èmi ni, Bàbá," Toller dáhùn. "Èmi ni mò ń jókòó síbẹ̀ lálẹ́ òní. Wo ọwọ́ ẹ! Alápatà ni mí. Bí mi ò bá ní ìka, kí ni kí n fi di ọ̀bẹ mú, eyín?"

"O ò ní rí nǹkan kan látẹ̀yìn ike."

"Ìyá tó bí mi bí mi tojú tojú. Mo ti ń wò látẹ̀yìn ike láti ìgbà tí mo ti ń bọ̀, mo ṣì wà láyé."

Enos yíjú sí Tranter. "Ọ̀gá, ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Tranter fọwọ́ ra ojú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láìtíì lọ. "Bàbá, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló ń sọ bó ṣe fẹ́ ẹ. Nígbà tẹ́ ẹ ní kí wọ́n gé e, ṣé mo fẹ́? Mo gbà fún yín. Mi ò lè gbà fún yín kí n wá kọ̀ fún un."

Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Kò sí ibi tí Enos lè gbá a mú sí. Ó tọrọ aṣọ fúláńẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́, ó gun àkàsọ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ike náà. Toller ti wọ inú, ó ń yí ilé ìbọn síwá sẹ́yìn.

"Ó ti tó, Bàbá. Àbí o fẹ́ bá mi bọ́jú náà ni?"

"Ó ku ibì kan."

"Níbo?"

"Ibẹ̀ yẹn."

"Imú mi lo ń nawọ́ sí yẹn!"

Enos ń nù ún lọ. Ó mọ̀ pé bí kò bá tilẹ̀ ṣẹ́ ku ẹyọ eruku kan, ike ṣì ni ike. Ó nù ún títí àwọn oníṣẹ́ fi ní àwọn fẹ́ gbé àkàsọ̀ wọn.

Kí wọ́n tó wọlé, àwọn ikọ̀ náà ṣe bí wọ́n ti máa ń ṣe fún oríire: wọ́n yí táyà ẹ̀yìn bàálù ká, wọ́n ń tọ̀ sí i lára. Kò sí ìgbà kan tí wọ́n lọ láì ṣe é.

"Bàbá, wá tọ tìẹ," Prosser pè é. "Mi ò fẹ́ kí orí táyà yìí gbàgbé ẹ."

Enos lọ dúró láàárín wọn. Ọwọ́ oníbáńdéèjì kò lè tú bọ́tìnnì. Tranter ló bẹ̀rẹ̀ tó bá a tú u, láì wo ojú rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣe fún bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Gbogbo wọn dúró dè é. Òun náà dúró. Kò sí ohun tó jáde.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Prosser sọ. "Òtútù ti mú ibi gbogbo."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wọnú bàálù, Toller ló rẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Bí oòrùn ti ń wọ̀, Enos lọ bá àwọn tó máa ń dúró létí ojú ọ̀nà láti juwọ́: àwọn tó ń se oúnjẹ, àwọn oníṣẹ́, àti Phyllis Daintry, ọmọbìnrin tó ń fi ọkọ̀ gbé àwọn ikọ̀ lọ sídìí bàálù wọn. Enos kò dúró níbẹ̀ rí.

"Ẹ wá jókòó sínú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ yìí pọ̀," Phyllis wí fún un.

"Mo fẹ́ wo ìdí rẹ̀ dáadáa."

"Háà, Bàbá! Ìdí ta ni?"

"Ìdí bàálù, ìwọ ọmọ yìí."

Phyllis rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ apá Enos. Bàálù Tranter sáré kọjá, ilẹ̀ mì. Nínú ilé ìbọn ẹ̀yìn, Toller na àtàǹpàkò sókè. Gbogbo èèyàn juwọ́. Enos gbé ohun tí báńdéèjì dì yẹn sókè, kò mọ̀ bóyá Toller rí i. Ó wò wọ́n títí wọn ò fi ju eruku lójú lọ, nígbà tí ẹnikẹ́ni mìíràn kò rí nǹkan kan mọ́, òun ṣì ń rí wọn. Lẹ́yìn náà òun náà kò rí wọn mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn bàálù yòókù ti dé. Ọkọ̀ Phyllis ṣì dúró létí ibi tí bàálù Tranter máa ń wà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kó má baà tutù fún wọn.

"Ó lè jẹ́ ibòmíràn ni wọ́n bà sí," Phyllis sọ fún Enos. "Ìkùukùu wà lápá gúúsù."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé kí n pa ẹ́ńjìnnì?"

Enos ń wo apá gúúsù. Nígbà tó yá, Phyllis pa á fúnra rẹ̀.

Ó lọ yí àwọn tó dé ká bí wọ́n ti ń jẹ ẹyin wọn. Ó bi gbogbo àwọn tó ń di ìbọn mú. Ọ̀kan rí iná lọ́nà jíjìn. Kò mọ̀ bóyá orí ilẹ̀ ni àbí ojú ọ̀run. Àwọn yòókù kò rí nǹkan kan. Lára gbogbo ojú tó ṣí sílẹ̀ lórí Jámánì lóru náà, kò sí ìkankan tó rí ibi tí àwọn èèyàn rẹ̀ gbà.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó wọ awò ojú náà padà wá bá a. Bó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ, a jẹ́ pé fèrèsé kò jẹ́ nǹkan kan, ike kò jẹ́ nǹkan kan. Bó bá wà níbẹ̀, ẹni keje tó máa kú nìkan ló máa yí padà. Nígbà náà kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nígbà náà, kí ni gbogbo òru tó fi la ojú sílẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ lórí Holland? Bó bá sì jẹ́ irọ́, a jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni ẹ̀mí wọn, òun sì gbé e sílé. Ó gbé ọ̀kan, ó wúwo. Ó gbé èkejì, ó wúwo. Ì bá fẹ́ rí ọkùnrin náà kó tún bi í. Ó bèèrè níléeṣẹ́ pápá, wọ́n ní ó ti lọ. Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ rẹ̀.

Ọkùnrin méjì tó ń kó ẹrù àwọn tí kò padà dé wá sí àgọ́ páànù wọn pẹ̀lú àpò, bí wọ́n ti máa ń wá. Wọn kì í jẹ́ kó pẹ́.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni tiyín?"

Ó nawọ́ sí ibùsùn tirẹ̀. Wọ́n kó ti àwọn yòókù: bàtà, fọ́tò, àwọ̀tẹ́lẹ̀ Prosser tó sá sórí okùn. Wọ́n kó tìmùtìmù wọn jọ gègèrè. Ọ̀kan nínú wọn ní ikọ̀ tuntun ń bọ̀ lọ́la, àwọn kan ń sọ pé ọmọ Kánádà ni wọ́n.

"Ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà yín ń yọ̀ o," èkejì sọ bí ó ti ń jáde. "Díẹ̀ ló kù kí n ṣubú."

Enos ṣí ìdí sítóòfù, ó fi ọwọ́ òsì wa eérú sínú garawa, díẹ̀díẹ̀, torí ọwọ́ òsì kò mọ ṣọ́bìrì dì mú. Ó gbé e síta. Ọ̀nà tó lọ láti àgọ́ sí ilé ìwẹ̀ ti dì, ó ń dán. Ó fi garawa há abẹ́ apá ọ̀tún, ó ń bu eérú, ó ń fọ́n ọn sílẹ̀, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Afẹ́fẹ́ gbé díẹ̀ padà lu ṣòkòtò rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ilé ìwẹ̀, ó yíjú, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì bọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ dán ibi tó gẹ̀rẹ́ wò, ó tún bu eérú sí i, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí garawa ṣófo, ó gbọ̀n ọ́n nù, ó dojú rẹ̀ dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì wọlé.